Ojú Rírán

Aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ l'Ẹ̀kìnrìn-Adé,
ìyá Mẹ́kùnsẹ̀ ló hun ún. Abala méjì ló rán pọ̀,
ojú rírán sì gba àárín rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.
Ara rẹ̀ ni wọ́n ti wo fíìmù.
Wọn ò tíì bí mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ tó
tí mo fi lè sọ iye ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kú.

Fíìmù Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun.
Ó ti lé lógún ọdún kí ó tó gun mọ́tò wá bá wa;
ara rẹ̀ ti họ, tó fi dà bíi pé òjò ń rọ̀
nínú pálọ̀ àwọn olówó
tí ẹnikẹ́ni ò sì sá wọlé.
Obìnrin kan dé fìlà tó kún fún ìyẹ́ ẹyẹ.
Ọkùnrin kan wá tún ohùn dùùrù ṣe, obìnrin ní olè ni.
Ajá gbé bàtà ọkùnrin náà sá lọ,
wọ́n jọ lé e, wọ́n jọ já sódò,
wọ́n ń bú ara wọn tomi-tomi lẹ́nu.
Ẹnu wọn ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná.

Tísà Ọbajémú ni wọ́n fi ṣe ògbifọ̀.
Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni,
tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.
Eléyìí ń sáré.
Kí ó tó mú ọ̀kan, mẹ́jọ ti kọjá.
Ó húkọ́. Ó nu ojú.
"Tísà, kí ló wí?"
Ló bá purọ́.

"Ó ní, ìwọ obìnrin yìí,
láti ọjọ́ tí o ti fi ìwọ̀n èké wọn kọfí mi
n ò rí oorun sùn."

Gbogbo ènìyàn wo aṣọ. Kò sí kọfí níbẹ̀.
Ní ìlà kẹta, Jẹmáímà ọmọ Dáìísí,
tó ń bá baba rẹ̀ wọn kọfí lọ́jọ́ ọjà,
gbójú sókè.
Obìnrin inú fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu ni
tí Jẹmáímà ti dáhùn láti orí àga:
"Ó ní kọfí yín ló tutù!
Ó ní kí ẹ lọ sá a sóòrùn dáadáa
kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ oorun."

Ọjọ́ náà, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú.
Bàbá àgbàlagbà kan ní, "Àṣé òyìnbó náà ń gbin kọfí!"

Lẹ́yìn náà, alẹ́ lẹ́ nínú fíìmù.
Ọkùnrin dúró lápá òsì ojú rírán,
obìnrin lápá ọ̀tún. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.
Tísà ò rí nǹkan kan túmọ̀.
Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
ihò pupa rúsúrúsú kan là láàárín aṣọ,
ó jẹ ẹsẹ̀, ó jẹ fìlà, ó jẹ dùùrù.
Òkùnkùn.
"Ṣé ó sọdá?"
Onífíìmù ní ìyókù wà ní Lọ́kọ́ja.
Wọ́n ní "Ọ̀kun o" fún un, ó lọ,
kò padà wá mọ́.

Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ fíìmù yẹn nílé wa,
lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí owó ilé-ìwé mi,
lórí ta ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ tí ewúrẹ́ wọlé.
Bàbá mi ní ọkùnrin ló sọdá.
Ìyá mi ní irọ́, obìnrin ni,
pẹ̀lú bàtà tútù.

Ọyẹ́ tó kọjá la sin bàbá mi.
Lálẹ́, mo yọjú sí yàrá ìyá mi.
Aṣọ ìyá Mẹ́kùnsẹ̀ ló tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì,
ojú rírán láàárín,
apá tirẹ̀ ló sùn sí, ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá kejì ni mo bá a.
Ó ní, "Kí lo ń wò?
Lọ gbé omi kọfí kaná."