Ebi Afẹ́fẹ́

Láàárọ̀ Sátidé, ìkòkò wa dúdú.
Ìkòkò tí Ìyá mi fi kànìnkànìn fọ̀ lánàá
títí ó fi ń dán bí òrùka bíṣọ́ọ̀bù,
ó dúdú bí ìdí ààrò àtijọ́.
Iná orí sítóòfù pọ́n bí epo,
ó ń yọ ahọ́n, ó ń lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bí ajá,
ibi tó bá sì lá, èédú ló ń fi síbẹ̀.

Ìyá mi ò wo ọ̀tún, kò wo òsì.
"Ìbídàpọ̀ ni! Ìbídàpọ̀ tó ń ta gáàsì lójú ọ̀nà Ọ̀dà,
ó ti da nǹkan pọ̀ mọ́ ọn.
Ṣé orúkọ kì í ro ọmọ ni?
Ẹni tí wọ́n sọ ní Ìdàpọ̀, kí ni kò ní dà pọ̀?"
Ó gbé sílíńdà sáàárín ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà,
ó rojọ́ dé Ọ̀dà, ó rojọ́ bọ̀ wálé.
Ọmọkùnrin náà gbé e lé ìwọ̀n, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò,
ohun kan ṣoṣo ló sọ:
"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀fun sítóòfù yín."

A bá ránṣẹ́ pe Akíndójútìmí láti Arákalẹ̀,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tún kábúrétọ̀ ṣe
kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì.
Nísinsìnyí, etí ló fi ń ṣiṣẹ́.
Ó ní kí n tan iná. Ó tẹ orí, ó gbọ́ ọ.
"Ebi afẹ́fẹ́ ń pa á," ló wí.

"Gáàsì kì í dá jó, ọmọ mi.
Ihò tó ti ń jáde ò tó ojú abẹ́rẹ́,
nítorí náà, eré ló ń sá jáde.
Ṣé o ti dúró létí títì Iléṣà rí, tí tìrélà kọjá?
Ṣé o rí i bí ewé àti ọ̀rá omi ṣe ń dìde tẹ̀lé e?
Ta ló pè wọ́n? Eré ló pè wọ́n.
Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ń kọjá lẹ́nu fèrèsé kékeré yìí
tó sì ń fa afẹ́fẹ́ ilé ìdáná yín lọ́wọ́ wọlé:
òórùn àlùbọ́sà, èémí rẹ, èémí tèmi.
Wọ́n á para pọ̀ nínú ọ̀fun irin tí kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi,
kí wọ́n tó jọ yọ lójú ihò, kí iná tó gbà wọ́n.
Bí gáàsì bá tó ife kan,
afẹ́fẹ́ tí yóò jẹ tán á kún garawa.
Bí kò bá rí i jẹ, á pọ́n,
á máa sunkún dúdú sídìí ìkòkò.
Bí ó bá rí i jẹ jù,
á ta kúrò lórí ihò, á máa hó, á kú."

Ó tú u. Ó na ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sínú ọ̀fun náà,
ó rọra fà á:
òwú aláǹtakùn, funfun, rọ̀bọ̀tọ̀,
kòkòrò mẹ́ta tí wọ́n dì bí ẹ̀kọ,
àti aláǹtakùn fúnra rẹ̀, tínńtín,
tó sá kọjá lórí ìka rẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé.

Ó tò ó padà. Iná gbà: bùlà!
Pupa ṣì wà lórí rẹ̀ díẹ̀.
Ó yí ìbòrí fèrèsé náà bí ẹni ń wá ìròyìn lórí rédíò,
síwájú, sẹ́yìn, síwájú díẹ̀ sí i,
ó dáwọ́ dúró.
Iná jókòó.
Aró ni, aró tó jinlẹ̀ nídìí,
ó kéré, ó dúró ṣánṣán, kò lá nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá mi gbé àsáró lọ sí Ọ̀dà.
Kò sọ pé "má bínú." Ó ní, "O ò sanra. Jẹun."
Nígbà tó yá, ó bi í: "Ta ló tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn?"
"Bàbá àgbà ni. Ìdílé méjì tí wọn kì í kíra wọn ní Ìdànrè,
ọ̀kan fọmọ fún èkejì, wọ́n bí mi."
Ìyá mi dákẹ́. Ó wo ìwọ̀n, ó wo àwọn sílíńdà tó tò.
Ó ní tó bá ti jẹun tán, kó fọ abọ́ òun
kó tó dá a padà.