Awọ Orí Àwo

Ní Charlottetown, òtútù jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn bí olówó-èlé.
Odette ń bó ọ̀dùnkún òyìnbó tí ọjà kọ̀,
èyí tó yọ ẹsẹ̀ mẹ́ta, èyí tí ọkọ́ là lórí.
Mo rin ín, mo sẹ́ ẹ, mo ní kó silẹ̀.
Funfun tó sùn sísàlẹ̀ garawa kò yàtọ̀
sí èyí tí ìyá mi fi ń mú kọ́là bàbá mi
dúró gbagidi lọ́jọ́ Àìkú.

A sè é, a dà á sórí àwo, a jẹ́ kó gbẹ.
Ó di awọ fẹ́lẹ́, èèyàn lè wo ọ̀run láti inú rẹ̀.
Mo fọwọ́ kàn án,
pẹ́ẹ́! Ó ṣẹ́ bí ìpékeré.

Ike ní tirẹ̀ kì í ṣẹ́.
Ẹ fà á, á gùn. Ẹ sin ín,
ọmọ ọmọ yín á hú u, á tún fi di iyọ̀.

A ní ká pa àwọn méjèèjì pọ̀.
Lálẹ́ àkọ́kọ́ wọ́n kẹ̀yìn síra,
ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan léfòó,
bí ọmọ orogún méjì lórí ẹní kan.
A kán gílísírìn sí i. A fi èèpo alákàsà tí a lọ̀ kúnná,
tí a rẹ sínú fínígà,
èyí tí bàbá Odette kó wá láti etíkun nínú àpò ìrẹsì.
Òórùn rẹ̀ gba ilé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko;
Ọ̀mọ̀wé Whitlock ń dí imú kọjá.

Ìdánwò kẹtàdínlógún.
Mo ká a, kò ṣẹ́. Mo na án, ó gbà.
Odette ní, "Ó mà jọ ẹ́, Dúrósinmí,
ìdajì ọ̀hún, ìdajì ìhín."
Mo ní rárá o. Èmi kì í ṣe awọ. Ẹnikẹ́ni ò sè mí.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

A sin díẹ̀ sẹ́yìn ilé kí yìnyín tó bolẹ̀.
Lóṣù Karùn-ún a hú u:
ilẹ̀ ti jẹ ti ọ̀dùnkún tán,
ti ike ṣẹ́kù, ó lu jára bí asẹ́.
Odette kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí.
Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ìdánwò kẹtàdínlógún yẹn,
nígbà tí mo fi èékánná gbé etí rẹ̀ lórí àwo,
ó ṣí wẹ́rẹ́, bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná
tí mo máa ń ká jẹ kí ìyá àgbà tó wọlé,
tí màá sì fi ṣíbí tẹ́ ojú ẹ̀kọ padà
bí ẹni pé ọwọ́ kankan ò débẹ̀.