Jẹ́ Kó Kùn Díẹ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gun òpó iná yí Òṣogbo ká,
ọ̀sán gangan, àkàbà léjìká;
ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀
pé mi ò tíì fojú kan iná rí.

Inú gílóòbù kékeré ló wà,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
èyí tí mo yọ nínú rédíò bàbá mi
nílé wa ní Òkè Bàálẹ̀.

Ìyá mi, Àwẹ̀ró, kọ́kọ́ figbe bọnu.
Aṣọ funfun ló fi bo rédíò náà láti ọjọ́ tí bàbá ti lọ,
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife lé e,
ká má tíì sọ pé ká tú u.
Mo ní, "Màámi, ọgbọ̀n ọdún ló ti dákẹ́."
Ó ní, "Bàbá rẹ náà ńkọ́?"
Mo panu mọ́.
Ọ̀sẹ̀ kẹta ló fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ náà,
ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Mo bá bẹ̀rẹ̀.
Páànù bisikíìtì ni mo fi ṣe ìdí rẹ̀,
mo fi ìṣó lu ú ní ihò, mo fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí róbótó.
Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù irin létí réluwé
ni mo ti rí tiransifọ́mà,
ó wúwo bí ọmọ tí kò fẹ́ sùn.
Èéfín òjé ń ta mí lójú,
ìyàwó mi ní òórùn rẹ̀ ti wọ inú ọbẹ̀.
Aládùúgbò ní, "Ti Ṣáínà wà ní Òkè-Fìà, owó táṣẹ́rẹ́."
Ẹni tó ń họ ibi tó ń yún un,
ta ní í bi í pé èló ni èrè?

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó bá fẹ́ fara wé mi:
bí wọ́n bá mú iná lọ, nǹkan yìí ò tíì kú.
Kapásítọ̀ a máa fi iná pamọ́ sínú
bí ẹni tó di kùnrùngbùn.
Ó gbá mi lápá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan,
mo bá ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa,
èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n máa bẹ̀rù wáyà.

Múfútáù gbé gìtá rẹ̀ dé,
wẹ́dà ni ní Àlékúwodò, àpá iná kún ìka rẹ̀.
A tan án.
Kò sí nǹkan kan.
Mo ka ogún. Gílóòbù náà wá ń pọ́n,
díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí a jí lójú oorun tí kò bínú.
Múfútáù fọwọ́ kan okùn kan ṣoṣo,
eruku já bọ́ láti àjà.

Ṣùgbọ́n ó ń kùn.
Bí oyin inú àgbá, ó ń kùn.
Mo tú wáyà ilẹ̀, mo tún un so,
mo gbé tiransifọ́mà kúrò lápá ọ̀tún, mo dà á dùbúlẹ̀,
oṣù méjì gbáko,
títí ó fi ku bíńtín.
Mo ní tó bá dọ̀la, màá pa ìyẹn náà.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.
Ó ní, "Gbádégẹṣin, fi í sílẹ̀."
Ó ní bí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, rédíò ló kọ́kọ́ ń tàn,
pé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀,
bó ti máa ń dún nìyẹn.
Òun a wà ní ẹ̀yìnkùlé, òun a mọ̀ pé ó ti wọlé.
"Mi ò gbọ́ òyìnbó tí wọ́n ń sọ. Ìyẹn ni mo gbọ́."

Mo ti kan pákó afàrà yí i ká, ó ń dán.
Múfútáù ṣì ń ṣàròyé: "Ó ń kùn o, ẹ̀gbọ́n."
Mo mọ̀.
Mo mọ wáyà méjì tó yẹ kí n lọ́ pọ̀.
Bí òru bá dé, tí wọ́n bá fún wa ní iná,
màá tan án láìsí gìtá,
ìyá mi á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.