Owó Ìtanràn

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́,
ní yàrá òkè ilé ìtẹ̀wé Kúforíjì ní Ṣómólú,
níbi tí òórùn tàdáwà kì í ti í kúrò lára ògiri.
Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan kọjá aago mẹ́fà,
igba náírà. Kò sí àwáwí.
Èmi ni akápò. Agolo mílíìkì tí a la orí rẹ̀
wà níwájú mi bí ọmọ tí wọ́n ní kí n bá wọn gbé.

Alàgbà Fátúnlá, tó fi ogún ọdún wọn ilẹ̀ fún ìjọba,
òun ni oníbàárà mi tó dára jù.
Kò tètè dé rí.
Á rẹ́rìn-ín, á ki owó bọ inú agolo,
á ní, "Ẹsẹ̀ mi ló lọ́ra.
Ẹ fi ra ẹsẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Fátúnlá, igba. Fátúnlá, igba.
Ìyáàfin Ọlátòrẹ̀ra, igba, nítorí fóònù rẹ̀ dún.
Dókítà Ẹkúndayọ̀, ẹgbẹ̀rún kan, nítorí ó hanrun
nígbà tí a ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: a kì í ṣe áńgẹ́lì.
Oṣù méjì gbáko la fi jà lórí kànga ẹ̀rọ
tí a gbẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bàrígà.
Ìjà náà kì í ṣe torí omi o.
Torí orúkọ ta ni yóò ṣáájú lára òkúta mábù ni.
Nígbà tí a padà lọ wò ó lẹ́yìn ọdún kan,
ẹnu ẹ̀rọ méjì ti kán,
ìkẹta ń sunkún díẹ̀díẹ̀,
ọmọdébìnrin kan sì sá aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀
sórí orúkọ wa, kó lè tètè gbẹ.
Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ ìyìn tí alága kà lọ.
Kúforíjì ká apá ẹ̀wù, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ ṣe.
Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.

Nígbà tí ọdún parí, mo da agolo sórí tábìlì,
mo kà á títí àtàǹpàkò mi fi dúdú.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náírà.
Àwọn kan ń fi ra bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
A fi ránṣẹ́ sókè òkun, kí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀
má baà rílé wọ̀ mọ́ níbikíbi.
Owó ìtanràn àwọn tó pẹ́ ní ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀
ti ń dúró de tiwa níbẹ̀. Wọ́n dà wọ́n pọ̀.
Mo ronú lóru ọjọ́ yẹn: èwo ni ti Fátúnlá nínú rẹ̀?

Ó di Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
mo tẹ̀lé Nọ́ọ̀sì Sìdíkátù gba orí pákó tó ń mì
létí ọ̀sà Ìlàjẹ, yìnyín ń ró wóróworo nínú kúlà.
Ìyá kan dí ẹnu ọ̀nà:
"Ọmọ mi ò ṣàìsàn. Kí lẹ fẹ́ fún un?"
Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn.
Èmi ni mo jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀,
mo ká ìró mi dé orúnkún,
mo fi irin ẹsẹ̀ òsì mi hàn án,
irin tí mo ti ń wọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta,
tí mo ń pè ní làkúrègbé fún ẹgbẹ́,
nítorí n kò fẹ́ kí àánú wọ agolo mi.
Ó wò ó pẹ́. Ó yà fún wa.

Ọmọ náà la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.
Ẹ̀kán kan.
N kò mọ ẹni tó sanwó ìyẹn.
Ṣùgbọ́n ìkejì, mo lè búra, Fátúnlá ló ni ín:
ó rọ̀ sẹ́nu ìgò, ó ń lọ́ra, ó ń lọ́ra,
kó tó bọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, èmi gan-an ló pẹ́.
Ìdè irin tú lójú àtẹ̀gùn.
Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ san án, akápò ni mí.
Mo ki igba náírà bọ inú agolo.
Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ló lọ́ra."