Ìṣó àti Ìṣọ́

Kíláàsì kẹrin, Tíṣà Ọ̀dúbẹ̀là ní ká kọ iṣẹ́ bàbá wa.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà: “Iṣẹ́ bàbá mi ni ìṣó.”
Mo gbàgbé àmì abẹ́ o.
Ó fi bírò pupa yí i po, ó kà á sókè,
kíláàsì rẹ́rìn-ín títí bẹ́ńṣì fi ń mì:
Ráàbí ọmọ ìṣó! Ta ló kan bàbá ẹ mọ́ pákó?

Nígbà tí mo délé sọ fún Bàbá, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ilẹ̀ ti ń ṣú,
ó ní, “Kò burú.
Ìṣó kì í kúrò níbi tí wọ́n bá kàn án mọ́.”
Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú fìlà,
ó gba ọ̀nà etí ọ̀sà lọ.

Jìnádù ọmọ Búsàrí, ará Òkè-Balógun l’Ẹ́pẹ̀ẹ́:
ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló ń ṣọ́ lálaalẹ́,
táwọn apẹja tú kalẹ̀ tí wọ́n tò bí ọmọ tó sùn lórí ẹní,
orúkọ olówó wọn lẹ́yìn wọn, ọ̀dà funfun.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, gáàdì.
Ó fi bo ojú fáànù kó má gé ọmọ lọ́wọ́,
ó fi bo táyà ọ̀kadà kí ẹrọ̀fọ̀ má ta síni lẹ́yìn,
ó fi pe ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu géètì báńkì,
ó tún fà á gùn díẹ̀,
ó fi pe ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

Tiwa ò lóǹkà. A ní tọ́jú, ojú wà nínú rẹ̀.
A ní pa mọ́: ẹni tó pa owó mọ́,
ẹni tó pa òótọ́ mọ́, ẹnu kan náà la fi ń pè é.
A ní dáàbò bò, ẹ bi adìyẹ wò.
Ṣùgbọ́n ṣọ́!
Ológbò ń ṣọ́ ihò eku.
Ọdẹ ń ṣọ́ ilé, olè náà ń ṣọ́ ilé,
orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jókòó sí.

Orí rẹ̀ náà ni Mùfú jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi.
Oṣù méjì gbáko ló fi ń gbé tíì wá lóru,
búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ ìyàwó tó kọ̀ ọ́.
Bàbá ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì. Mùfú ń ṣọ́ Bàbá.
Ó mọ ìgbà tó ń ṣe àlùwàlá,
ó mọ iye ìgbà tó ń dìde lọ tọ̀,
ó mọ wákàtí tí orí rẹ̀ máa ń tẹ̀ sáyà.

Mẹ́ta ló lọ, mọ́júmọ́ Àlàmísì.
Wọ́n mú Bàbá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá,
wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n máa ṣọ́ ọ.
Mo gbé ẹ̀bà lọ. Ó ń wo ọmọ náà láti ẹ̀yìn irin,
ó ní, “Má fẹ̀yìn ti ògiri o.
Ibẹ̀ ni oorun ń gbà wọlé.”

Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ẹnikẹ́ni ò gbé nǹkan fún un ṣọ́ mọ́,
àmọ́ ta ni yóò sọ fún òru?
Aago méjì, màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti kú lọ́wọ́.
Á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Á ka bàtà àwọn ọmọ mi,
méjì, mẹ́rin, márùn-ún,
á dúró, nítorí èkejì ti Wàsíù ti sọnù láti ọjọ́ Ìtunu,
á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.
Mo dùbúlẹ̀, mi ò mira.
Mò ń ṣọ́ ọ.

Mo ra bátìrì méjì lọ́jọ́ Ajé.
Mi ò tíì fún un.
Iná a máa jí àwọn ọmọ.