Òrùlé Kan, Kọ́kọ́rọ́ Méjì

Ní Duluth, níbi tí òpópónà ti ń gun òkè bí àkàbà,
tí adágún ńlá tẹ́ sílẹ̀ bí irin tí wọ́n fi yanrìn fọ̀,
mo ra ilé kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé.
Vieno Lahtinen ni mí. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń wà.
Bàbá mi kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi
títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀,
kò sì ní ohun kan tó ń jẹ́ tirẹ̀
ju ọkọ̀ ìpẹja kékeré kan lọ.

Thorvald ti báńkì ti ìwé sí mi, ojú ewé mẹ́tàlélógójì.
"Mú ìdá kan nínú márùn-ún wá, a ó fi ìyókù kún un."
Ó dárúkọ èlé, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe àbíkẹ́yìn rẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀ lábẹ́ tábìlì:
màá pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin
kí ilé náà tó di tèmi tán.
Mo buwọ́ lù ú.

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Kò sí aláǹgbá níhìn-ín.
Otútù ni, otútù tó mọ ibi tí ìlẹ̀kùn ti kéré sí férémù.
Ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là ni mo yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe;
òrùlé jẹ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ nu ẹnu.
Òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú fi tọ́ọ̀ṣì wo wáyà iná,
ó mirí, ó kọ̀wé, ó mirí lẹ́ẹ̀kan sí i.
Orí káàdì ni mo ti ra páìpù.

Osmo káfíńtà, tí etí rẹ̀ kan ti di,
fọ́ ògiri ilé ìdáná, ó sì dákẹ́.
Férémù àtijọ́ kan wà nínú, àmì pẹ́ńsù lára rẹ̀:
Elsie, ọdún mẹ́rin. Elsie, ọdún mẹ́fà.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí Elsie mọ́.
Ó ní ṣé kí òun jù ú sínú àgbá ìdọ̀tí.
Mo ní kó bò ó padà.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí ní onílé.
Onílé kẹ̀! Báńkì ló nilé,
èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a di kọ́kọ́rọ́ mú.
Ẹgbẹ̀fà dọ́là ló ń ti òkè wá lóṣù;
kí n tó san owó ilẹ̀ àti ti adójútòfò,
ohun tó kù ò lè ra táyà tó ń tẹ yìnyín.

Delphine Beaulieu ló gba òkè,
òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń fi bàtà sáré lórí orí mi.
Ilé ìtọ́jú arúgbó dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù.
Ọjọ́ kìíní oṣù kejì kọjá. Ọjọ́ kẹwàá kọjá.
Mo gun àtẹ̀gùn, lẹ́tà ìlénikúrò wà lápò mi.

Ó ṣílẹ̀kùn. Èémí rẹ̀ ń yọ bí èéfín.
Ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́ nídìí tábìlì, ó ń ṣe ìṣirò.
Láti àná ni rédíétọ̀ ti kú,
obìnrin náà ò sì pè mí,
nítorí ẹni tó jẹ gbèsè kì í bèèrè ooru.
Gbèsè méjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà:
èyí tó jẹ mí, èyí tí mo jẹ ẹ́.
A ò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kí èkejì.

Ẹ̀yìn lẹ́tà náà ni mo kọ nọ́ńbà Osmo sí.

Ìgbà mẹ́ta ló fi san án. Ó kù díẹ̀ síbẹ̀.
Ní ọjọ́ kìíní oṣù, báńkì mú tirẹ̀,
kò bèèrè bóyá òkè gbóná.
Ó ku ọ̀ọ́dúnrún oṣù ó lé méjìlélógójì.
Bàtà ń sáré lókè.
Mò ń tẹ́tí sí páìpù.