Igba, Igbá, Ìgbà

Ní Òkè-Balógun, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, nílé bàbá mi tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún,
mo jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà,
fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan.
Ìròyìn tí Yuẹ̀ kọ dé láàárọ̀.
Kí n tó bọ́jú tán, ó ti di ojú ewé funfun:
"Ohun tí ẹ ń wá kò sí mọ́."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú.
Irọ́ ni. Mo ti rí ọ̀bẹ náà.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe oníròyìn nílùú wọn.
Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn o.
Ìyá tó ń ta ìyẹ̀fun olóoru nísàlẹ̀ ilé mi
mọ̀ pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀,
a ya tèmi sọ́tọ̀, ewébẹ̀ nìkan, méjì, ẹ̀kẹta fún èènì.
Ọkọ̀ ojú irin wọn kì í pẹ́.
Àwọn arúgbó a máa jó ní gbàgede lálẹ́,
ẹnìkan kì í bi wọ́n pé èwo ni tijó.
Àfi bí mo bá béèrè afárá tó wó,
kí kálukú ká wọnú ìkarahun rẹ̀ bí ìgbín.

Yuẹ̀ ló kọ́ mi ní ẹnà wọn:
bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ kan léèwọ̀,
wọn a wá ìbejì rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀,
wọn a jẹ́ kó wọ aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ jáde.
Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ tiwa síwájú rẹ̀:
igba, igbá, ìgbà, igbà.
Ó fìka tọ àmì orí wọn,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú egbò.
"Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ìgbà, ẹ ó kọ igbá?"
Mo ní, "Tiwa ò tíì dé bẹ́ẹ̀."
Pẹ̀lú ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́.

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló bá afárá lọ.
Wọ́n kọ ọ́ pé ẹyẹ mẹ́tàdínlógún bà lómi.
Nígbà tó dọ̀sán, ẹyẹ di èèwọ̀.
Nígbà tó dalẹ́, iye náà di èèwọ̀,
ọmọdé ń ka owó ní ṣọ́ọ̀bù,
mẹ́rìndínlógún, ó fo ọ̀kan, méjìdínlógún.
Lédè tiwa, mẹ́ta péré ló dín nínú ogún.
Lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ló dín.

Mo padà wálé. Mo ríṣẹ́ ní rédíò kékeré kan
lọ́nà Pópó-Ọbà.
Lóṣù tó kọjá ni Múṣáfáù apẹja gbé bàsíà kan wá,
ẹpìyà tó kún un, ikùn lókè, ojú funfun.
Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.
Alàgbà kà á. Ó fi bíírò fa ìlà sórí orúkọ ilé-iṣẹ́
(kì í ṣe ti àwọn ará Yuẹ̀ o, ọmọ wa ló ni ín),
ó ṣe díẹ̀, ó fa òmíràn sórí "kú."
"Kọ ọ́ pé wọ́n dín kù."
Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Kò sí òfin kankan.
Ìpolówó wọn ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ wa,
bíírò náà sì jẹ́ ti ògójì náírà nígbà tí nǹkan ṣì dára.

Mo kà á lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n dín kù.
Ohùn mi ò tilẹ̀ gbọ̀n.

Lálẹ́ yìí mo kọ̀wé sí Yuẹ̀, gbólóhùn kan:
"Igbá ti tó."
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
Àmì ohùn òkè kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́,
kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo là á mọ́lẹ̀, mo kà á sókè.
Màmá mi ké láti inú yàrá:
"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lóru yìí?"